Ọwọ́ Tó Ń Bọ́ Bódìjà

Ẹni tó bá kúrò ní Sẹkitéríàtì ní Agodi, tó dorí kọ Yunifásítì Ìbàdàn, kò ní ṣàì gba Bódìjà kọjá. Àdúgbò ọ̀mọ̀wé àti ọ̀gá iṣẹ́ ìjọba ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní 1958 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá àjọ tó ń rí sí ilé gbígbé sílẹ̀, Bódìjà sì wà lára ibi tí àjọ náà kọ́kọ́ fojú sí: wọ́n wọn ilẹ̀, wọ́n la títì, wọ́n kọ́ ilé tó ní ọgbà níwájú àti lẹ́yìn. Títí di òní, ẹni tó bá rìn ní Bódìjà Àtijọ́ lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ yóò rí igi máńgòrò tó ti ga ju ilé tí wọ́n gbìn ín sí lọ, yóò sì rí ògiri tó dákẹ́ jẹ́ẹ́.

Ọjà ló sọ Bódìjà di ibi tí gbogbo Ìbàdàn ń wọ́ lọ láràárọ̀. Ọjà náà kò tíì lọ́jọ́ lórí púpọ̀. Ọjà Ìba ti wà ní àárín ìlú láti ìgbà tí Ìbàdàn ṣì jẹ́ ibùdó ogun, ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, ṣùgbọ́n 1987 ni wọ́n kó àwọn tó ń ta ohun jíjẹ kúrò ní Oríta Mẹ́rin wá sí Bódìjà, kí àárín ìlú lè rí ààyè mí. Lónìí, ìrẹsì, ẹ̀wà, gààrì, èlùbọ́, ata, ẹran àti ẹ̀fọ́ tí ọ̀pọ̀ ilé ń sè láti Mọ́kọ́lá títí dé Òjòó, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rà á. Pákó pàápàá wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá ń kọ́lé.

Mo fẹ́ràn àtirìn níbẹ̀, ọwọ́ ni mo sì máa ń lọ wò. Àwo àmàlà kan tó bá dé iwájú èèyàn nílé oúnjẹ ní Bódìjà ti gba ọwọ́ púpọ̀ kọjá láàárín ìrìn ìṣẹ́jú mélòó kan, láti ìsọ̀ elélùbọ́ dé ìdí ààrò. Olúkúlùkù àwọn tó ni ọwọ́ wọ̀nyí mọ iṣẹ́ tirẹ̀ dójú àmì. Ohun tó wá ya mi lẹ́nu jù lára wọn ni pé wọ́n mọ ibi tó yẹ kí wọ́n dúró, kí ẹni tó kàn lè rí nǹkan gidi gbà. Yorùbá máa ń yin gbẹ́nàgbẹ́nà, ahunṣọ àti alágbẹ̀dẹ, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ọnà ni iṣẹ́ àwọn ará Bódìjà yìí náà. Kìkì pé a máa ń jẹ ẹ́ tán ni kò jẹ́ kí a rí i gbé kọ́ sára ògiri.

Ìsọ̀ elélùbọ́ ni ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀. Gbódó, iṣu gbígbẹ tí wọ́n ń lọ̀ di èlùbọ́, ń ti Òkè-Ògùn wá, láti Ṣakí, Ìsẹ́yìn àti àwọn abúlé tó yí wọn ká, nínú àpò tí wọ́n rán lẹ́nu. Ohun tó ju ìdajì gbogbo iṣu tí ayé ń gbìn lọ ló ń hù ní Nàìjíríà, nítorí náà kò yani lẹ́nu pé àwa la mọ bí a ṣe ń mú un la ẹ̀ẹ̀rùn já. Kí gbódó tó dé Bódìjà, iṣẹ́ ńlá ti wà lára rẹ̀. Wọ́n ti bẹ iṣu, wọ́n ti gé e, wọ́n ti bọ̀ ọ́ sínú omi tó gbóná ṣùgbọ́n tí kò gbọdọ̀ hó. Bí omi bá hó, iṣu á jinná, èyí tó bá sì ti jinná kò lè di gbódó gidi mọ́. Bí omi bá tutù jù, àárín iṣu á wà bó ṣe wà, á sì bàjẹ́ lójú oòrùn. Wọ́n á fi í sínú omi náà mọ́jú, kí wọ́n tó kó o jáde sá fún ọjọ́ mélòó kan. Bí wọ́n ti ń sá a ni èròjà inú iṣu ń bá afẹ́fẹ́ pàdé, tí àwọ̀ rẹ̀ sì ń ṣú díẹ̀díẹ̀. Ojú oòrùn yìí gan-an ni dúdú àmàlà ti bẹ̀rẹ̀, ìkòkò kàn parí rẹ̀ ni.

Elélùbọ́ tó mọ iṣẹ́ kì í fi ojú lásán ra àpò. Á ti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀, nítorí òkè ni wọ́n máa ń to èyí tó dára sí. Á fa ọ̀kan yọ, á ṣẹ́ ẹ. Etí ló fi ń mọ̀ bóyá ó gbẹ: èyí tó gbẹ dénú á dún páú, èyí tí oòrùn kò ráyè wọ̀ á kọ́kọ́ tẹ̀ kó tó ṣẹ́. Á wo ojú ibi tó ti ṣẹ́, bóyá àwọ̀ rẹ̀ dọ́gba láti èèpo dé àárín. Á gbé e sí imú, nítorí imú ló ń kọ́kọ́ mọ̀ bí gbódó bá ti bu. Á wá a kiri bóyá kòkòrò ti lu ihò wẹ́wẹ́ sí i. Kò sí ìgbà tó bá ẹni tó ni àpò ṣe gbólóhùn asọ̀. Á dá gbódó náà padà sínú àpò, á sì dárúkọ iye tó máa san, ẹni tó ni ín á ti mọ̀ pé ẹni tó mọ ọjà lòun bá pàdé.

Láti ọ̀dọ̀ rẹ̀, gbódó dé ìdí ẹ̀rọ. Eruku èlùbọ́ ti bo ìpéǹpéjú ọkùnrin tó ń lọ̀ ọ́, ariwo ẹ̀rọ náà kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ara wọn. Irin méjì ló ń lọ nǹkan nínú ẹ̀rọ, ìdè kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí wọ́n fi ń mú wọn súnmọ́ra tàbí kí wọ́n jìnnà síra. Bí wọ́n bá fún jù, irin á gbóná, èlùbọ́ náà á gbóná, òórùn jíjó á sì wọ inú rẹ̀. Bí wọ́n bá dẹ̀ jù, hóró á kù níbẹ̀, hóró yẹn ni yóò sì di kókó lẹ́nu ẹni tó ń jẹun lọ́sàn-án. Ìdí nìyí tí ọwọ́ òsì rẹ̀ fi wà lórí ìdè, tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì wà lẹ́nu ibi tí èlùbọ́ ń gbà jáde. Á gba díẹ̀ sí ìka, á fi àtàǹpàkò ra á, á sì yí ìdè náà díẹ̀, bí ẹni pé kò tilẹ̀ yí i rárá. Nígbà tí gbódó bá ń tán lọ lẹ́nu ẹ̀rọ, ohùn rẹ̀ á yí padà, á fẹ́ máa han. Kó tó han tán, ó ti da igbá mìíràn sí i, nítorí irin kò gbọdọ̀ máa lọ irin. Láàárín ariwo tó ń di etí ẹlòmíràn, ohùn kan ṣoṣo yìí lòun ń dúró dè.

Èlùbọ́ tí wọ́n lọ̀ tí wọ́n sẹ́ á padà sórí àtẹ, kóńgò ló sì máa wọ̀n ọ́n. Kóńgò ìrẹsì kan súnmọ́ kílò kan àbọ̀, ṣùgbọ́n ìrẹsì, gààrì, ẹ̀wà àti èlùbọ́ kò wúwo bákan náà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí èyí tó ń jókòó sínú kóńgò bíi ti ẹnìkejì rẹ̀. Ẹ wo ìyá tó ń wọn ẹ̀wà. Ó kọ́kọ́ bù ú dé ẹnu. Ó wá ń fi abọ́ kékeré da ìyókù sí àárín gan-an, díẹ̀díẹ̀, orí ń yọ, orí ń ga, títí hóró kan ṣoṣo yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ wálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ibẹ̀ ló ti ń dá ọwọ́ dúró. Òótọ́ ti hàn lójú àwọn méjèèjì: ẹni tó ń rà ti rí i pé kò tún lè gbà sí i, ẹni tó ń tà sì mọ̀ pé òun kò ja ara òun lólè.

"Ènì mi dà, Màmá?"

"Gbà, ọmọ mi. Kí o sì padà wá o."

Ènì náà kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lójijì. Ó ti kà á mọ́ iye tó dárúkọ, ó ti fi í sílẹ̀ nínú abọ́ kékeré kí oníbàárà tó béèrè. Ẹni tó ń ra kóńgò kan àti ẹni tó ń ra mẹ́wàá, ènì wọn kò dọ́gba, bẹ́ẹ̀ ni ti ẹni tó ti ń bọ̀ láti ọdún pípẹ́ àti ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Kò kọ ọ́ sílẹ̀ níbì kankan, kì í sì í ṣì í.

Ní ilé ata, apẹ̀rẹ̀ tòmátì tó ti Òkè Ọya wá ni wọ́n ń tú. Ìrìn náà jìn, ojú ọ̀nà kò dán, èyí tó wà nísàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀ sì ti ru ẹrù àwọn tó wà lókè. Aláta á kúnlẹ̀ tì í, á máa ṣà á sí ọ̀nà mẹ́ta: èyí tí ó gbọ́dọ̀ tà lónìí, èyí tó lè dúró di ọ̀la, àti èyí tó ti rọ̀ tí àwọn onílé oúnjẹ máa rà lọ́pọ̀ ní owó pọ́ọ́kú. Kò fi ojú nìkan ṣà á. Bí ó bá ti gbé e, ìka ti mọ bí ara rẹ̀ ṣe le tó, ojú sì ti wà lórí èyí tó kàn. Á to èyí tó dára sórí àtẹ, ìdí rẹ̀ sísàlẹ̀, ojú tó pọ́n sókè.

Bí èèyàn bá dé ibẹ̀, aláta kì í kọ́kọ́ béèrè iye tó fẹ́ rà.

"Ẹ káàárọ̀, Ìyá Ìbejì. Ọbẹ̀ wo lẹ fẹ́ sè?"

"Ọbẹ̀ ata ni o, tí a máa fi jẹ àmàlà."

Ó parí. Ó ti mọ̀ pé tàtàṣé ló gbọ́dọ̀ pọ̀, nítorí òun ló ń fún ọbẹ̀ ní àwọ̀ àti ara. Tòmátì kò gbọdọ̀ pọ̀, omi àti kíkan rẹ̀ á bá gbẹ̀gìrì jà. Rodo á wà níbẹ̀ fún títa, àlùbọ́sà á sì bá a rẹ́. Bí ó bá jẹ́ ọbẹ̀ ìrẹsì ni wọ́n sọ, ọwọ́ rẹ̀ á yà sí ibòmíràn. Ẹni tó bá gba ata lọ́wọ́ rẹ̀ ti gba ìdajì ọbẹ̀, àdàlù tó dára ti wà nínú ọ̀rá kó tó débi iná.

Ọmọkùnrin tó ń lọ ata kò jìnnà síbẹ̀. Ó kọ́kọ́ fi omi ṣan ẹnu ẹ̀rọ rẹ̀, kí ata ẹni tó ti lọ má bàa bá ti ẹni tó kàn lọ. Lẹ́yìn náà, ó ń fi omi sí i ní ìwọ̀nba tó kéré jù tí ẹ̀rọ lè gbà. Omi púpọ̀ á mú iṣẹ́ tirẹ̀ yá, ṣùgbọ́n ìyá tó máa sè é ni yóò jìyà rẹ̀, á máa gbẹ omi náà lórí iná títí gáàsì á fi tán. Ìdí ẹ̀rọ yìí ni mo ti mọ bí a ṣe ń dá ẹni tó mọ iṣẹ́ mọ̀ ní Bódìjà: ẹni tó bá ń rò nípa wàhálà ẹni tí kò sí níbẹ̀ ni.

Ọ̀dọ̀ alápatà gan-an ni ojú ti ń rí ohun tó pọ̀ jù. Ìtì igi ni tábìlì rẹ̀, àárín rẹ̀ ti jìn sísàlẹ̀ nítorí àdá tó ti gbà. Ó ní ọ̀bẹ tẹ́ẹ́rẹ́ fún ẹran ara, ó ní àdá fún egungun, òun àti irin tó fi ń pọ́n wọn kì í sì í jìnnà síra. Ó ń pọ́n ọ̀bẹ kí ó tó kú, kì í dúró kó kú tán. Nígbà tí ó bá dé oríkèé egungun, kì í fi agbára sí i. Ìka ló kọ́kọ́ fi wá ibi tí egungun méjì ti pàdé, á wá ti ṣóńṣó ọ̀bẹ bọ̀ ọ́, á yí i, apá màlúù tó tóbi á sì já sọ́tọ̀ láìdún. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ló ń gé egungun tí eérún rẹ̀ ń fò sínú ẹran.

Bí ẹ bá ní kí ó gé ẹran fún yín, ẹ wo ọ̀nà tí ọ̀bẹ gbà. Ẹran ní fọ́nrán, fọ́nrán náà sì ní ibi tó dorí kọ. Alápatà tó gbọ́n á gé e ní ìbú fọ́nrán, kí ó lè rọ̀ bí ó bá jinná, kí eyín má sì máa bá a fà á. Kò sí òṣùwọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Owó lẹ máa dárúkọ, á wo ẹran lẹ́ẹ̀kan, á sì gé iye tí owó yẹn ká. Ṣàkì, àbọ̀dí, fùkù, ẹ̀dọ̀, kíndìnrín, ìfun: ó ti tò wọ́n sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí ó mọ̀ pé wọn kì í jinná pa pọ̀. Ṣàkì ń fẹ́ àkókò, ẹ̀dọ̀ kò fẹ́ kí iná pẹ́ lára rẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣa ẹja àti adìẹ, òróòro ni ìdánwò. Ó wà lára ẹ̀dọ̀, kò tó nǹkan, awọ rẹ̀ sì fẹ́lẹ́. Bí ó bá bẹ́, kíkorò rẹ̀ á ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Obìnrin tó ń la ẹja àrọ̀ á fi ẹnu ọ̀bẹ lásán la ikùn rẹ̀, á ti ìka méjì bọ̀ ọ́, òróòro á sì jáde ní odidi pẹ̀lú ìfun, bí ó ti ń bá ẹni tó jókòó tì í sọ̀rọ̀ lọ.

Àwọn tó ń gé ẹ̀fọ́ wẹ́wẹ́ kì í lo pákó ìgénǹkan. Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń di ìdì ẹ̀fọ́ mú, wọ́n á yí i kó le, ọ̀bẹ á sì máa bọ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún sí ọ̀nà àtàǹpàkò. Ọ̀bẹ yẹn mú, kò sì jìnnà sí awọ, síbẹ̀ ẹ̀fọ́ nìkan ló ń bọ́ sínú ọpọ́n, tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, gbogbo rẹ̀ dọ́gba. Ìwọ̀n ló gbé e dúró: ìka tó di ẹ̀fọ́ mú ń sún sẹ́yìn ní ìwọ̀n tí ọ̀bẹ ń sún síwájú. Ẹni tó ń já ewédú kò lo ọ̀bẹ rárá. Á di orí ewé mú, á fà á, ewé á kúrò, igi á kù. Ewé tó ti gbó, tó ní okùn nínú, kò ní wọ abọ́ rẹ̀, nítorí ìjábẹ̀ kò lè já a.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni onírú, tí imú máa ń bá pàdé kí ojú tó rí i. Irú gba sùúrù ju ohunkóhun tó wà nínú ọjà lọ. Wọ́n ti se kóró èso igi igbá fún ọ̀pọ̀ wákàtí kó tó rọ̀, wọ́n ti gún un tàbí tẹ̀ ẹ́ kí èèpo lè bọ́, wọ́n ti ṣàn án, wọ́n ti tún un sè, wọ́n ti bò ó mọ́lẹ̀ fún bí ọjọ́ méjì sí mẹ́ta kí ooru lè ṣiṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n á ṣí i ní àkókò tó yẹ. Bí ó bá yá jù, kò tíì di irú. Bí ó bá pẹ́ jù, òórùn rẹ̀ á kọjá ohun tí ọbẹ̀ lè gbà. Kò sí aago tó ń sọ fún wọn. Wọ́n á gbé ọwọ́ lé ìbòrí rẹ̀, wọ́n á mọ bí ó ti gbóná tó, wọ́n á sì mọ̀ pé ó tó.

Gbogbo ẹrù yìí ń kúrò nínú ọjà lórí àwọn alábàárù. Òṣùká kékeré ló wà láàárín agbárí àti ọpọ́n tó kún fọ́fọ́. Ọrùn wọn kò mì, ìbàdí ló ń gba gbogbo mìmì ilẹ̀, ẹsẹ̀ wọn sì ń wá ibi tó gbẹ láàárín àbàtà. "Ẹ yà lọ́nà o!" ni wọ́n ń ké. Tòmátì tí aláta fi ìka ṣà lọ́kọ̀ọ̀kan kò ní fọ́ lórí ẹni yìí. Òun náà gba iṣẹ́ ẹlòmíràn, ó sì ń gbé e lọ ní pípé.

Nígbà tí ọ̀sán bá pọ́n, ọ̀nà á yà sí ọ̀dọ̀ àwọn alámàlà. Wọ́n pọ̀ ní Bódìjà, láti abẹ́ bùkátẹ́ríà onígi dé ilé ńlá tí ọkọ̀ kún iwájú rẹ̀. Orúkọ báǹkì kan tó wà nítòsí ni àwọn èèyàn fi ń pe ọ̀kan lára àwọn tó gbajúmọ̀ jù, Àmàlà Skye. Ní 2018 ni Skye Bank kógbá sílé, tí Polaris sì gba ipò rẹ̀, àmàlà ṣì ń jẹ́ orúkọ náà. Mo rò pé ìlú ti fi ìyẹn sọ èyí tó ṣe pàtàkì sí i.

Ẹ jẹ́ kí a wo ẹni tó ń rò ó. Ìkòkò náà tóbi, omi inú rẹ̀ ń hó kùtùkùtù. Kó tó da èlùbọ́ sí i, á kọ́kọ́ bu omi gbígbóná díẹ̀ sọ́tọ̀. Omi tó bù yẹn ni ọgbọ́n wà, nítorí kò sí èlùbọ́ méjì tó ń mu omi bákan náà: ti ọdún yìí yàtọ̀ sí ti èṣí, ti Ṣakí lè yàtọ̀ sí ti ibòmíràn. Á da èlùbọ́ sí i lẹ́ẹ̀kan náà, omorógùn á sì wọ inú rẹ̀ kí omi tó ráyè sé e mọ́. Ó ń fà á mọ́ra, ó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìkòkò. Ara ìkòkò ni kókó ti ń fọ́, bí èèyàn bá ń rò ó yíká lásán, kókó á kàn máa bá a yí ni. Èjìká ló ń ṣiṣẹ́, ọrùn-ọwọ́ kàn ń darí rẹ̀ ni, nítorí ẹni tó bá fi ọrùn-ọwọ́ nìkan ro ìkòkò tó tóbi báyẹn kò ní lè ro èkejì. Nígbà tí ó bá ti le díẹ̀, á bu lára omi tó fi pamọ́ sí i, á bò ó, á jẹ́ kí ooru rẹ̀ sè é dénú. Á tún ṣí i, á tún rò ó. Àwọ̀ rẹ̀ á ṣú sí i, ojú rẹ̀ á máa dán, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ara ìkòkò sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó ti jinná. Kò tọ́ ọ wò. Ó ti rí i lójú rẹ̀, ó sì ti gbọ́ ọ nínú bí omorógùn ṣe ń dún.

Ní ẹ̀gbẹ́ kejì, gbẹ̀gìrì ti jókòó. Wọ́n ti rẹ ẹ̀wà, wọ́n ti bó o, wọ́n ti sè é títí ó fi fọ́, wọ́n sì ti sẹ́ ẹ kí ó lè kúnná. Epo, iyọ̀ àti ata ti wọ̀ ọ́. Ewédú ti gba kán-ún díẹ̀. Ìwọ̀n kán-ún yìí ṣòro: èyí tó kéré kò ní jẹ́ kí ewé rọ̀, èyí tó pọ̀ á ba adùn rẹ̀ jẹ́. Ìjábẹ̀ ń lu ewé náà nínú ìkòkò, ṣá ṣá ṣá, títí yóò fi máa fà láìjẹ́ omi lásán. Ọbẹ̀ ata tirẹ̀ ń hó lórí iná kẹ́jẹ́kẹ́jẹ́, epo ti léfòó, ẹran ti wà nísàlẹ̀.

Ẹni tó ń bù ú ni ọwọ́ ìkẹyìn. Igbákọ rẹ̀ wà nínú omi, kí àmàlà má bàa lẹ̀ mọ́ ọn. Ó ń bu ti ìlà àwọn tó dúró, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, ìwọ̀n wọn kò sì yàtọ̀.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ káàbọ̀. Kí la máa fún yín?"

"Àmàlà méjì, ṣàkì kan, bọ̀kọ̀tọ̀ kan. Ẹ jẹ́ kí ewédú pọ̀ o, Alhaja."

Kó tó sọ̀rọ̀ tán, àmàlà ti wà nínú àwo. Gbẹ̀gìrì bọ́ sí apá kan, ewédú sí apá kejì, ọbẹ̀ ata sí àárín, àwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì dúró láàyè ara wọn fún ìgbà díẹ̀ kí ọwọ́ tó dà wọ́n pọ̀. Ó tún ti gbọ́ ohun tí ẹni mẹ́ta tó wà lẹ́yìn ń béèrè. Owó kálukú ti wà ní orí rẹ̀. Àwọn àgbà ní iyán loúnjẹ, ọkà loògùn. Ẹni tó bá jẹ ọkà yìí, ìyẹn àmàlà, tí ebi ti ń pa láti àárọ̀, á mọ̀ pé òótọ́ ni.

Mo mọ̀ pé ọ̀nà mìíràn wà láti ra oúnjẹ ní Bódìjà. Àwọn ilé ìtajà tó ní ẹ̀rọ amúlétutù wà lójú títì, tí wọ́n ti kọ iye ohun gbogbo sára rẹ̀. Bódìjà gan-an ni Foodco ti bẹ̀rẹ̀ ní 1982, èso àti ẹ̀fọ́ ni wọ́n sì kọ́kọ́ ń tà. Wọ́n wúlò, mo máa ń lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi ni mo máa yan tòmátì fúnra mi níbẹ̀, kò sí ẹni tó máa bi mí pé ọbẹ̀ wo ni mo fẹ́ sè. Ohun tí mò ń rà nínú ọjà ju tòmátì lọ. Mò ń ra ìmọ̀ tí ẹni kan ti kó jọ fún ogún ọdún, kò sì ka owó rẹ̀ sí mi lọ́rùn.

Ìmọ̀ yìí kò sí nínú ìwé. Ọmọ á dúró ti ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ilé ìwé, á máa kó hóró ẹ̀wà tó dà sílẹ̀, lẹ́yìn náà á máa di ẹnu ọ̀rá, ọjọ́ kan á gba kóńgò. Bí ó bá wọ̀n ọ́n tí kò dára, ìyá kì í ṣàlàyé gígùn. Á gba kóńgò náà, á wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i níṣojú rẹ̀, á sì dá a padà fún un. Ẹni tó ń kọ́ bí a ṣe ń ro àmàlà á kọ́kọ́ máa ro ìkòkò kékeré fún àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kí wọ́n tó jẹ́ kó fọwọ́ kan ti oníbàárà. Bí ọwọ́ ṣe ń di ọwọ́ nìyẹn.

Nítorí pé mo fẹ́ràn iṣẹ́ yìí, ó ń dùn mí bí a ṣe ń jẹ́ kí ó máa ba ara àwọn tó ń ṣe é jẹ́. Ọkùnrin tó ń lọ èlùbọ́ nílò ohun tó máa bo imú rẹ̀ àti etí rẹ̀, nítorí etí yẹn kan náà ló fi ń ṣiṣẹ́. Alábàárù nílò ojú ọ̀nà tí omi kò dúró sí. Ẹni tó ń ro àmàlà nílò ibi tí èéfín lè gbà jáde. Kò sí èyí tó ju agbára ìjọba ìbílẹ̀, ẹgbẹ́ ọlọ́jà àti àwa tí à ń jẹun níbẹ̀ lọ nínú wọn. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Wọ́n ti ń fi ti wọn ràn wá lọ́wọ́ tipẹ́, ó kù kí a san án padà.

Nítorí náà, bí ẹ bá gba àlejò ní Ìbàdàn, ẹ mú un lọ wo Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀, tó ti dúró láti 1965. Ẹ jẹ́ kí ó wo Gbọ̀ngán Mápó. Ní ọjọ́ kejì, ẹ mú un lọ sí Bódìjà ní àárọ̀, kí oòrùn tó mú. Ẹ má sáré. Ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ elélùbọ́ títí yóò fi ṣẹ́ gbódó, ẹ dúró ti alápatà títí ọ̀bẹ rẹ̀ á fi wá oríkèé rí, kí ẹ tó lọ jókòó sídìí àmàlà. Bí oúnjẹ bá dé, ẹ sọ fún àlejò yín pé ẹnì kan ṣoṣo kọ́ ló sè é, kí ẹ sì ka àwọn tó ṣe é fún un láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìlú tó bá lè ka orúkọ iṣẹ́ àwọn tó ń bọ́ ọ kò ní jẹ́ kí iṣẹ́ náà parun.